Ẹ Bi Yorùbá Léèrè Kí Ẹ Tó Kọ Gẹ̀ẹ́sì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ akọ̀ròyìn sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa. Nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá, a tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín bí ó ṣe sọ ọ́.)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni kí n sọ. Ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ akọ̀ròyìn, ohun tó o bá mọ̀ ni kó o sọ." Mo ro ó títí, n kò rí nǹkan mú. Ìgbà tó yá ni mo mú lẹ́tà ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa, mo kà á, mo sì rí i pé akọ̀wé ti fún mi ní kókó ọ̀rọ̀ láìmọ̀. Lẹ́tà náà wí báyìí pé: "All our former principles will be in attendance."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ ni pé gbogbo ìlànà tí a ti pa tì sẹ́yìn ń bọ̀ wá jókòó sórí àga lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa àtijọ́ ni akọ̀wé ní lọ́kàn. Mo tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mẹ́nu bà á, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.

N kò wá láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Àṣìṣe tèmi burú ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé ti lẹ́tà kò pa ẹnikẹ́ni lára, tèmi sì pa ọmọ ọlọ́mọ lára. N ó dé orí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń dàrú mọ́ra lójú wa, Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa kí a tó wọ ilé-ìwé. Bí a bá bi í léèrè, á dá wa lóhùn.

YÁ MI NÍ BÍRÒ

Ẹ jẹ́ ká padà sí JSS 1. Bírò mi kọ̀ láti kọ̀wé láàárín ìdánwò. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Excuse sir, please borrow me biro." Olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa ní kí n dìde, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bákan náà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tí mo ṣe. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé "lend" ló yẹ kí n wí.

Níbo ni àṣìṣe yẹn ti wá? Inú "yá" ló ti wá. Yorùbá ní "mo yá owó", Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "borrow". Yorùbá ní "mo yá a lówó", Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "lend". Ọ̀kan ni tiwa, méjì ni tiwọn. "Kọ́" náà ńkọ́? "Mo kọ́ iṣẹ́", ó di "learn". "Mo kọ́ ọ níṣẹ́", ó di "teach".

Ẹnì kan lè wá sọ pé èdè wa kò kún tó. Irọ́ ni. Àwọn ará Jámánì ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "leihen", fún yíyá méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó sọ pé èdè wọn kò kún. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fi Faransé kàwé lórílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ pé "apprendre" ni wọ́n ń lò fún ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ àti fún ẹni tó ń kọ́ni. Kódà, láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń lo "learn" níbi tí a ti ń lo "teach" lónìí. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ tún Yorùbá wò dáadáa. "Mo yá bírò lọ́wọ́ Adé." "Mo yá Adé ní bírò." Ṣé ẹ rí i? Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó kàn fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e ni. Níbi tí "lọ́wọ́" bá wà, nǹkan náà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é: "borrow" nìyẹn, "learn" nìyẹn. Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Níbi tí "ní" tàbí "fún" bá wà, nǹkan náà ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn: "lend" nìyẹn, "teach" nìyẹn. Ọ̀gá mi kọ́ mi ní iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ti là á yé mi báyìí ní JSS 1, n kì bá tí kúnlẹ̀.

Ẹ lè ní, kí ni ti bírò? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, bàbá kan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní owó láti fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Ó ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu: ó kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ohun tí bàbá kọ nìyí: "I have borrowed my friend the sum of two hundred thousand naira." Nígbà tó ṣe, bàbá náà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìwé jáde, wọ́n lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá wọn. Ọmọ ọ̀rẹ́ náà tó kàwé gba ìwé, ó kà á, ó ní, "Bàbá yín ló kọ ọ́ fúnra wọn pé àwọn 'borrow'. Ẹni tó bá 'borrow' ló jẹ gbèsè. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa sanwó fún wa." Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn àgbà àdúgbò dá sí i, kò yanjú. Ọ̀rẹ́ náà fúnra rẹ̀, tó ń ṣàìsàn nínú yàrá, ló ní kí wọ́n gbé òun jáde. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Panu mọ́, èmi ni mo gbowó." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá ti kú ńkọ́?

A TI ÀGBÀ, S TI ṢE

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ohùn wọn ló jọra, ìtumọ̀ wọn kò jọ rárá. Yorùbá kò lè ya irú àwọn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó lè fún wa ní ohun tí a ó fi máa rántí.

Ẹ mú "principal" àti "principle" tó kó bá akọ̀wé wa. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tó túmọ̀ sí ẹni tó wà ní ipò kìn-ín-ní. "Principal" ni ọ̀gá ilé-ìwé. Òun náà ni ojú owó tí ènìyàn yá, yàtọ̀ sí èlé tó gùn ún. "Principle" ni ìlànà tí ènìyàn fi ń hùwà. Bí mo ṣe ń rántí wọn rèé: "principal" ní A ní ìparí, A ti àgbà. "Principle" fi E parí, E ti ẹ̀kọ́.

"Stationary" àti "stationery" náà nìyẹn. A ti àdúró: mọ́tò tó dúró lójú kan kò rìn. E ti ẹ́ńfílóòpù: ìwé, bírò, gọ́ọ̀mù àti ohun gbogbo tí à ń rà fi kọ̀wé. Ẹ má sì rò pé àwọn méjèèjì kò tan. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kiri. Àwọn tó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ló ní ìsọ̀ tí wọ́n ń dúró sí, nítorí náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹni tó dúró sójú kan. Bí a ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín oníkiri àti onísọ̀ lọ́jà wa gẹ́lẹ́ ni. Orúkọ onísọ̀ ló wá ràn mọ́ ọjà tó ń tà.

"Advice" àti "advise", "practice" àti "practise", "licence" àti "license" ńkọ́? Èyí tó ní S ni ohun tí à ń ṣe. S ti "ṣe" nìyẹn, kò lè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà ọ́ nímọ̀ràn, mo ṣe nǹkan: "advise". Ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀: "advice". Bí àwọn ará Britain ṣe ń kọ ọ́ nìyí, ohun tí wọ́n sì fi kọ́ wa nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ "practice" àti "license" bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà bí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bú u. Ṣùgbọ́n "advice" àti "advise", àwọn náà ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí ó lè gba ẹ̀mí. Ẹ ó rí i lára táńkà epo: "HIGHLY INFLAMMABLE". Ẹni tó mọ̀ pé "incorrect" kì í ṣe òótọ́, tó mọ̀ pé "incomplete" kò tíì pé, á rò pé "inflammable" ni ohun tí kì í gbiná. Rárá o! Láti inú "inflame" ló ti wá, kí iná ràn. "Flammable" àti "inflammable", ọ̀kan náà ni wọ́n: ohun tó tètè ń gbiná. Nítorí ewu tó wà níbẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà, National Fire Protection Association, ti ń sọ láti nǹkan bí 1920 sí 1930 pé "flammable" ni kí àwọn ènìyàn máa kọ. Èyí tí kì í gbiná ni "non-flammable". Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín nílé.

TA NI ỌMỌ MI JÀ LÓLÈ?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tèmi.

Ó tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, mo gba HND nínú iṣẹ́ ìròyìn, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán mi lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì. Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan wá, ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó jí jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan lóru. Kò sẹ́ni níbẹ̀ nígbà náà. Wọn kò sọ pé ó lu ẹnikẹ́ni, wọn kò sọ pé ó mú ọ̀bẹ tàbí ìbọn dání. Ọmọ náà ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ fún un ní béèlì, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ìròyìn mi, mo fi àkọlé sí i: "Robber in court over generator". Nínú ìròyìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún pè é ní "the robber". Olóòtú ń sáré, ó kà á gààràgà, ó jẹ́ kó lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà àti orúkọ àdúgbò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ń ta fùfú. Ó ti gé ojú ìwé yẹn jáde, ó ká a, ó fi nylon wé e bí ẹni wé owó. Kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ló kà á fún un. Wọ́n tọ́ka mi sí i. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, ó kọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọmọ mi jà lólè?"

Mo ní, "Mà, wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀ ni."

Ó ní, "Mo gbọ́ pé wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ adájọ́. Ta ni ó jà lólè tí ẹ fi kọ ọ́ sínú ìwé?"

N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá tí kò lọ ilé-ìwé kan rí ìyàtọ̀ tí èmi oní-HND kò rí. Ẹrù ni à ń jí, ènìyàn ni à ń jà lólè. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "wọ́n ja jẹnẹrétọ̀ lólè". Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú Gẹ̀ẹ́sì: ẹrù ni wọ́n ń "steal", ènìyàn tàbí báńkì ni wọ́n ń "rob". Bí mo bá kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìròyìn mi fún ara mi kí n tó kọ ọ́, n kì bá tí kọ ohun tí mo kọ.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yẹn. Nínú Criminal Code wa, ìjìyà olè jíjà lásán jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 3 nígbà púpọ̀. Kó tó di "robbery", àfi kí ẹni náà lo ipá tàbí kó fi ipá dẹ́rù bani. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1970 nípa rẹ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21, bó bá sì jẹ́ pé ìbọn tàbí ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikú ni. Ọdún 3, ọdún 21, ikú. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ìkánjú kọ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ nìyẹn.

A tẹ àtúnṣe jáde, ìlà mẹ́rin péré, nínú lọ́hùn-ún. Ọ̀gá wẹ́dà tó ka èyí àkọ́kọ́ kò rí ìkejì. Ó ti lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun kò lè bá adigunjalè gbé ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹjọ́ náà kò lọ jìnnà, adájọ́ fọ́n ọn nù nítorí pé ẹni tó mú ẹjọ́ wá kò yọjú mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kúrò nílùú. Mo padà lọ bẹ ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa bèèrè kí ẹ tó kọ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè. "Suspect" ni afurasí, ẹni tí wọ́n ṣì ń wò lójú. "Accused" ni ẹni tí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn. "Convict" ni ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọn ó fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. "Deny" ni kí ènìyàn ní irọ́ ni. "Refute" ni kó mú ẹ̀rí wá tó fi hàn pé irọ́ ni. Bí akọ̀ròyìn bá kọ pé gómìnà "refuted" ẹ̀sùn, ó ti ṣe adájọ́ nìyẹn. "Kill" ni pípa, ì báà ṣe pé ó ṣèèṣì ni. "Murder" ni ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn. Ṣèèṣì àti mọ̀ọ́mọ̀: ṣebí ọ̀rọ̀ ilé wa ni?

ÌDÍ TÍ MO FI SỌ GBOGBO ÈYÍ

Gbogbo wa la rántí pé ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń san owó ìtanràn. "Fànákúlà" ni wọ́n ń pè é. N kò dá àwọn olùkọ́ wa lẹ́bi, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe kọ́ wa, wọ́n sì fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wa dán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a fi irinṣẹ́ wa sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí a tó wọlé wá ṣiṣẹ́.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan mìíràn wò ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún, kí a fi ọ̀kan kún un: ẹ̀bùn fún ọmọ tó bá lè fi Yorùbá tó gún régé ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dáwó lé e. Bí ẹ̀yin náà bá sì fẹ́ kọ ìwé owó, ìwé ilẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tó kan orúkọ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ara yín. Ta ló ṣe é? Kí ló ṣe? Sí ta ni? Ọ̀dọ̀ ta ni nǹkan náà ń lọ? Bó bá ti dúró dáadáa ní Yorùbá, ẹ wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀wé wa ti ní kí n máa bá òun ka lẹ́tà ìpè kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé wa àtijọ́, a dúpẹ́ pé ẹ wá, ẹ̀yin pẹ̀lú ìlànà yín.